Àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn
Oṣù mẹ́fà ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí fi ń kọ́ni níṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọṣẹ́ máa ń lo ọdún mélòó kan lábẹ́ ọ̀gá kí ó tó ṣe fíríìdọ̀mù. Ibi tí wọ́n ti tayọ ni lílo ẹ̀rọ tí ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò, èyí tí a lè kì bọ gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, tó fi jẹ́ pé ó kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ tòkunbọ̀ wa. Olùkọ́ wọn tẹnu mọ́ ọn pé àmì P0300 tí ẹ̀rọ yìí máa ń gbé jáde kàn ń sọ pé epo kò jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì ni, kò sọ bóyá púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì (tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná) tàbí íńjẹ́tọ̀ (tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) ló fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó ní kí oníbàárà ra tuntun. (Ì bá wù mí kí gbogbo mẹkáníìkì àdúgbò mi gbọ́ èyí.) Ẹ̀kọ́ bíréèkì náà dára. Àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ kò tó, ojú pátákó nìkan sì ni wọ́n ti ń kọ́ gíà ọ̀tọ̀mátíìkì. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ yóò ṣì nílò ọ̀gá tí yóò gbà á sábẹ́ lẹ́yìn tó bá parí.