Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn tuntun tí mo fi sí Corolla mi n'Íbàdàn: ohun tí ojú mi rí

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí mo ti pààrọ̀ họ́ọ̀bù ẹ̀yìn lápá ọ̀tún sára Toyota Corolla 2005 mi. Họ́ọ̀bù ni irin tí wọ́n ń de táyà mọ́; inú ti ẹ̀yìn yìí ni bíárìn wà, òun ló ń jẹ́ kí táyà máa yí geerege. Mo ti wà á dé Èkó, mo ti wà á dé Ifẹ̀, òjò ti rọ̀ sí i, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé owó mi ò ṣòfò. Ọjà náà dára. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ mí lógún jù ni bí ẹ ṣe máa mọ̀ dájú pé họ́ọ̀bù ló bàjẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bọ́ sọnù.

Ariwo ni àmì àkọ́kọ́. Láàárín Mọ́lété ẹ ò lè gbọ́ ọ, ariwo ìgboro á ti bò ó. Àfi tí mo bá kọjá Challenge, tí mo forí lé Tollgate, tí eré bá ti lé ní 60 kìlómítà ní wákàtí kan, á wá bẹ̀rẹ̀: hùn-ùn-ùn, bí ìgbà tí ẹ̀rọ ìlọta bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri ilé kejì. Bí eré ṣe ń pọ̀ ló ń ké sí i. Mo fẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kò dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì kọ́ nìyẹn.

Ọkùnrin kan tó ń ta táyà yarí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, táyà ẹ̀yìn yín ló ti jẹ, ẹ jẹ́ ká kúkú pààrọ̀ méjèèjì." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọwó. Ẹ ní kí fọkanáìsà gbé táyà ẹ̀yìn síwájú, kó gbé tiwájú sẹ́yìn, kí ẹ wá wà á lọ wà á bọ̀. Bó bá jẹ́ táyà ló ń pariwo, ariwo náà á tẹ̀ lé e lọ síwájú. Tèmi ò kúrò lẹ́yìn rárá. Kí lowó iṣẹ́ fọkanáìsà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó táyà méjì? Táyà tó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tún máa ń yí ohùn padà bí ọ̀dà títì bá ṣe yí padà, bíárìn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka títì sí.

Ẹ tún fetí sí i níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ̀. Tí mo bá ń yà sósì lórí eré, á pariwo gan-an. Tí mo bá ń yà sọ́tùn-ún, á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń yà sósì, apá ọ̀tún ni ẹrù rẹ̀ máa ń dà sí, bíárìn tó ti jẹ lápá ibẹ̀ á sì fi igbe ta.

Mẹkáníìkì mi fi jáàkì gbé e, ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín. Ó ń mì díẹ̀. (Tó bá jẹ́ táyà iwájú, tó sì jẹ́ ọ̀tún sí òsì nìkan ló ń mì, ẹ kọ́kọ́ wo tai rọ́ọ̀dù, irin tó ń darí táyà bí ẹ bá yí ìdarí ọkọ̀.) Èyí tó wá dá mi lójú ni pé ó ní kí n gbé ọwọ́ lé sípíríǹgì, kí òun máa yí táyà. Bó ṣe ń yí i ni mò ń mọ̀ ọ́n lára lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ń ha kẹrẹkẹrẹ, kò dáwọ́ dúró. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún apá òsì, jẹ́ẹ́ ló ń yí.

Ó di ọjà Àràròmí ní Àgọ́dì Gate. Tòkunbọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi, owó rẹ̀ sì fani mọ́ra. Mo fi ìka yí i, ó ti ń ha. Mo dá a padà. Lójú tèmi, tòkunbọ̀ dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan lára ọkọ̀, kò dára fún bíárìn: ẹ ò mọ ibi tó ti rìn dé, gíríìsì inú rẹ̀ ni wọ́n sì dí pa láti ilé iṣẹ́, kò sí bí ẹ ṣe máa fi òmíràn sí i. Tuntun ni mo rà, Koyo ti Jàpáánù. Mo rí i dájú pé nọ́ńbà tí wọ́n fín sára irin bá ti ara páálí mu, torí ayédèrú pọ̀. Ẹni tó bá ra ti SKF, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe bíárìn, lè fi áàpù SKF Authenticate ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ka bọ́ọ̀tì táyà, kó pé márùn-ún. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú: bí ọkọ̀ yín bá ní ABS (búréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lójijì), ojú tí wáyà ń wọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná ABS ò ní kú mọ́ ní dáṣíbọọ̀dù.

Títò rẹ̀ ò le. Wọ́n yọ táyà àti dúrọ́ọ̀mù, wọ́n tú bọ́ọ̀tì mẹ́rin, họ́ọ̀bù jáde. Bọ́ọ̀tì mẹ́rin yẹn kan náà ló di irin pẹlẹbẹ tí búréèkì jókòó lé mú, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó gbé ara lé páìpù búréèkì. Inú èyí tó bàjẹ́ ti pọ́n fún ìpẹtà. Omi ti wọlé gba ara rọ́bà tó dí i, bẹ́ẹ̀ àwa náà mọ bí àgbàrá ṣe máa ń rí ní títì wa. Wọ́n fi ṣípánà tó ń ka agbára de nọ́ọ̀tì táyà sí 103 Nm, wọn ò kàn fò lé e.

Tiwájú ni kí ẹ ṣọ́ra fún o! Bíárìn tirẹ̀ wà nínú irin ńlá tó gbé táyà dúró, ẹ̀rọ ìtẹ̀ ló yẹ kó tì í wọlé, láti etí òde rẹ̀. Àwọn kan ń fi òòlù gbá a wọlé. Ó ń dùn mí tí mo bá rí i, torí gbogbo gbígbá yẹn ló ń fi ojú sára ọ̀nà tí àwọn irin róbótó inú rẹ̀ ń gbà, bíárìn tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hùn kó tó pẹ́ rárá. Bí ẹ bá ti rí òòlù, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Mo fún iṣẹ́ mẹkáníìkì ní márùn-ún nínú márùn-ún. Ọjà gba mẹ́rin: owó rẹ̀ wọ́n ju tòkunbọ̀ lọ dáadáa, ẹni tó tà á sì kọ "họ́ọ̀bù" lásán sí risíìtì, àfìgbà tí mo padà lọ kó tó kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i.