Mo ní kí wọ́n tún páìpù afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ṣe: ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí

Bọ́nẹ́ẹ̀tì Camry dúdú kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Jímọ̀ ni, ọkọ̀ ìyàwó ni, ìgbéyàwó di ọ̀la. Mo fín ọ̀dà tán, mo sún sẹ́yìn kí n wò ó dáadáa, àfi bí ojú ọ̀dà ṣe ń dá ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí olóde bá jà. Omi ni. Omi ń bá afẹ́fẹ́ jáde lẹ́nu gọ́ọ̀nù tí mo fi ń fín ọ̀dà. Mo jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́ mi pé kò da omi ìdí táńkì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nù, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ fún wa. Ó ti dà á nù láàárọ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé mo pe ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe páìpù afẹ́fẹ́. Mi ò ní dárúkọ wọn. Akọ̀wé wọn ní, "Ẹnjiníà ti wà lọ́nà, sà." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n wà lọ́nà. Ọjọ́rú, wọ́n ṣì wà lọ́nà. Mo bi í pé ṣé láti Kútúwẹnji ni wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ní Ìbàdàn níbí ni. Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dé. Obìnrin ni ẹnjiníà náà, lójú mi kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Mo ní wọ́n ti rán ọmọdé sí mi. Kò tilẹ̀ wo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí gbogbo yín máa ṣiṣẹ́ bí ìgbà tí iṣẹ́ wọlé gan-an." Ó so géèjì kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ táńkì, ó so èkejì mọ́ ìparí páìpù níbi tí mo ti ń fín ọ̀dà, mítà 35 síra wọn. Gọ́ọ̀nù méjì ń ké, ẹ̀rọ tó ń ha bọ́dì ń ké. Ti táńkì ka 120 psi, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì. Tèmi ka 88.

Psi 32 ti run sínú páìpù! Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń yí agbára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sókè, mo rò pé arúgbó ló dà. Ẹnjiníà ní bí mo bá ṣe fi psi 14 lé e, iná tó ń jẹ máa fi bí ìdá 7 nínú 100 lé sí i. Dísù ni mo fi ń ṣiṣẹ́ o.

Wẹ́dà wọn gé páìpù ààbọ̀ ínǹṣì náà. Omi tó dà jáde pọ́n bí àgbo ibà, ó kún agolo mílíìkì. Ìpẹtà ti dí ihò rẹ̀ débi pé ìka ọmọdé ni ó lè wọ̀ ọ́.

Ẹnjiníà fi ṣọ́ọ̀kì ṣírò cfm nílẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí irinṣẹ́ ń lò ní ìṣẹ́jú kan: 12, 12, 12 fún gọ́ọ̀nù méjì àti ẹ̀rọ tó ń ha bọ́dì, ó fi ti afẹ́fẹ́ tó ń jò àti ti iṣẹ́ ọjọ́ iwájú lé e, ó di 50. Ó ní bí ihò páìpù bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, psi tí mo ń pàdánù máa dín kù sí bí ìdá kan nínú 32. Èmi rò pé ìdajì ni! Ínǹṣì kan ló mú. Páìpù yí ṣọ́ọ̀bù po, ó padà wá pàdé ara rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀nà méjì dé ọ̀dọ̀ gọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ó dà gẹ̀rẹ́, sẹ̀ǹtímítà kan ní mítà kan, lọ síbi fáàfù tí a ó máa da omi nù. Orí páìpù ni ó ti fa ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, torí ikùn páìpù ni omi ń sùn sí. Ẹni tó fa ti tẹ́lẹ̀ láti ìsàlẹ̀, èmi fúnra mi ni.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká lo páìpù oníke PVC torí owó. "Rárá, sà. Ooru á sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́, bó bá bẹ́, àfọ́kù rẹ̀ á fò bá yín." Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ìwé owó dé. Wọ́n kọ owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin! Títí kan ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n "wà lọ́nà". Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi bá máníjà wọn jà kó tó yọ ẹyọ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo fi ọṣẹ pa oríkèé kan, ó ń hó. Mo pè wọ́n. Ẹnjiníà ti wà lọ́nà.

Géèjì ìparí páìpù mi ka 118 láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú gbogbo wa lẹ́nu iṣẹ́. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti san àsansílẹ̀ kí wọ́n lọ ṣe ti àbúrò mi ní Ọ̀yọ́.