Àpò ìrẹsì mẹ́rìnlá: bí ó ṣe rí lẹ́yìn ọdún méjì tí mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ sínú wọn

Oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí owó náírà ṣì ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ gbogbo wa, ni mo ra àpò ìrẹsì mẹ́rìnlá lọ́jà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Tíránsífà ni mo fi san án. Àlòkù ni gbogbo wọn, àpò tí àwọn onírẹsì ti wọn ìrẹsì inú rẹ̀ tà tán. Ilé tí mo yá gbé ní Àpáta ní ẹ̀yìnkùlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọnkéré ni wọ́n dà síbẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná títí dé ìdí ògiri. Ibi kékeré tí kọnkéré ò dé, yangí ni, ọkọ́ ò ràn án. Bí mo bá máa gbin ewé kan níbẹ̀, àfi kí n ra ilẹ̀ wá láti ìta, kí n sì wá nǹkan tí màá kó o sí.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, mi ò fowó ra ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀ mọ́, àfi láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Ìparí oṣù Karùn-ún yẹn kan náà ni bẹntiróòlù gbówó lórí, owó ọkọ̀ lọ sókè, ẹ̀fọ́ náà sì tẹ̀lé e. Torí náà, mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àpò yìí, ó ti bọ́ ilé mi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé àwòrán rẹ̀ káàkiri, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fi hàn wá, ìgbà tí àpò ṣì funfun, tí ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ni mo fẹ́ sọ.

Oríṣi àpò méjì ló wà, mi ò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó dé ọjà. Màmá tó ń tà á bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní, "Ẹ̀fọ́ ni mo fẹ́ gbìn sí i, mà." Ó ní, "Ìyàwó mi, má mú eléyìí o, ojú ẹ̀ ti ṣí jù. Eléyìí tó ń dán yìí ni kó o mú." Èyí tó ń dán ni àpò tí wọ́n fi ọ̀rá bò lójú, tí wọ́n ya àwòrán aláràbarà sí lára. ₦350 ni. Èyí tí wọ́n kàn hun lásán jẹ́ ₦200. Mo wo owó ọwọ́ mi, mo mú mẹ́wàá nínú èyí tí wọ́n hun lásán, mo mú mẹ́rin nínú èyí tó ń dán.

Màmá yẹn mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, àpò mẹ́wàá tí mo rà ní ₦200 ti ń já lọ́wọ́ bí ìwé gbígbẹ. Mo gbá ọ̀kan mú létí láti sún un, etí náà já sí mi lọ́wọ́, ilẹ̀ inú rẹ̀ sì dà sí kọnkéré. Oòrùn ló ń ṣe é. Ike tí wọ́n ń pè ní polypropylene ni wọ́n fi ń hun àpò yìí, bí wọn ò bá sì fi èròjà tó ń dènà oòrùn sí i nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ìtànṣán oòrùn á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ẹlẹgẹ́. Àwọn mẹ́rin tó ń dán pé oṣù méjìdínlógún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ọ̀kan nínú wọn tó wà lábẹ́ òjìji ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì wà dòní. Ẹ̀gbin tí àwọn àkọ́kọ́ yẹn dá sílẹ̀ dùn mí ju owó wọn lọ. Fọ́nrán ike tíntìntín wọnú ilẹ̀dú mi, títí di ìsinsìnyí ni mò ń ṣà wọ́n, mi ò sì lè ṣà wọ́n tán. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ohun jíjẹ gbọ́dọ̀ ro ìyẹn kó tó mú èyí tó rọjú.

Nǹkan méjì ló ń mú kí àpò pẹ́. Ẹ ká etí rẹ̀ wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì síta, kó bo ara àpò náà: etí tí a ká yẹn ni oòrùn á kọ́kọ́ jẹ. Ẹ sì tò wọ́n sún mọ́ra kí ọ̀kan máa ṣíji bo èkejì. Èyí tó ń dán kì í jẹ́ kí omi jáde, torí náà mo máa ń fi ìṣó tí mo ki bọ iná kó gbóná lu ihò mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sí ìdí rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo gbàgbé láti lu ọ̀kan. Ata rodo inú rẹ̀ rà láti gbòǹgbò.

Owó àpò kọ́ ni owó iṣẹ́ yìí. Àpò mẹ́rìnlá gba ₦3,400. Ilẹ̀dú bárò mẹ́fà, ₦700 lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ₦4,200. Ìgbẹ́ adìẹ àpò mẹ́ta jẹ́ ₦1,500, irúgbìn sì gba ₦1,200. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦10,300, owó ọdún 2023 sì nìyẹn, ẹ ò ní rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò kún àpò ju ìdajì lọ: tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ò nílò ju ilẹ̀ tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ẹni tó bá kún àpò dé ẹnu ń fi ilẹ̀ ṣòfò ni. Ibi tí ẹ bá sì gbé e sí kẹ́ ẹ tó bu ilẹ̀ sí i, ibẹ̀ ló máa wà. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, èèyàn méjì ò lè gbé e láìfà á ya.

Ìgbẹ́ adìẹ yẹn ni mo fi pàdánù jù. Tútù ni wọ́n kó o fún mi láti oko adìẹ kan, ó ṣì ń gbóná nínú àpò, mo sì pò ó mọ́ ilẹ̀dú lọ́jọ́ kejì nítorí pé òjò ti ń ṣú. Tẹ̀tẹ̀ hù dáadáa. Lọ́jọ́ kẹrin tó hù, etí ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kan, àpò márùn-ún ti sùn sílẹ̀ pátápátá. Ajílẹ̀ tútù ló jó o. Ní báyìí, màá kó o jọ sí kọ̀rọ̀, màá wọ́n omi sí i, màá fi ọ̀rá bò ó, màá máa yí i padà lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí mo bá tẹ ọwọ́ bọ inú rẹ̀ tí kò gbóná, tí kò sì rùn mọ́, ó ti jinná nìyẹn. Rọ́bà ilẹ̀dú mẹ́ta sí rọ́bà ajílẹ̀ kan ni mo ń pò.

Ewédú náà kọ́kọ́ fojú mi rí nǹkan. Mo gbin ín, ìwọ̀nba díẹ̀ ló hù, mo sì rò pé irúgbìn náà ti gbó jù. Ìyá mi ni mo pè. Wọ́n ní, "Ṣé o fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́?" Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Hóró ewédú ní èèpo líle tí omi kì í tètè wọ̀, bí a bá gbin ín bẹ́ẹ̀, á máa sùn nínú ilẹ̀. Ẹ dì í sínú aṣọ fúlẹ́fúlẹ́, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ení, èjì, títí dé àrún, ẹ fà á yọ, ẹ sì jù ú sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ sá a kó gbẹ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn. Irúgbìn kan náà, láti inú ọ̀rá kan náà, bo ojú àpò nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, NIHORT ní Jẹ́ríkò ni mo ti ń lọ ra irúgbìn, ilé ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, torí ibẹ̀ kò jìn sí wa.

Ohun tó ṣe dáadáa nínú àpò ni tẹ̀tẹ̀, ewédú, ṣọkọ àti efinrin. Tẹ̀tẹ̀ máa ń ṣeé gé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ẹ bá sì gé e lókè tẹ́ ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, á tún rúwé. Ata rodo náà ṣe dáadáa, ìdí kan péré nínú àpò kan. Oṣù mẹ́ta ni mo dúró dè é, lẹ́yìn náà mi ò kà á mọ́. Tòmátì já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú òjò, ewé rẹ̀ á máa jó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, odidi igi á sì rọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ùgù hù, ó sì fà dé orí ògiri, ṣùgbọ́n kò yó omi rárá, àpò sì kéré fún un.

Mo tún gbìyànjú irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Kíbérà, ní Nàìróbì lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò nítorí àìsí ilẹ̀. Wọ́n á kún àpò dé òkè, wọ́n á to òkúta sí àárín rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu kí omi lè gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí ká láti gbin ewé sí. Agolo mílíìkì tí mo gé ìdí rẹ̀ ni mo fi to òkúta tèmi, tí mò ń fà á sókè bí ilẹ̀ ṣe ń ga sí i. Omi dé ìsàlẹ̀ lóòótọ́, ewé ẹ̀gbẹ́ sì hù. Ṣùgbọ́n ara ihò tí mo lù ni àpò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya, nígbà tó pé oṣù márùn-ún ó ti bẹ́. Bí ẹ bá ní ààyè láti to àpò onídajì sílẹ̀, ẹ má lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Omi ni ìṣòro tí àpò ò ní bá yín yanjú. Lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àpò mi máa ń mu tó kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì lójúmọ́, láti inú kànga. Ìdí tí mo fi ń sinmi láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì nìyẹn. Omi tí mo fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà, mi ò dà á nù mọ́.

Adìẹ àwọn ará ilé kejì ò lè tú u bí wọ́n ṣe ń tú ebè, ọpẹ́ ni mo ń dá fún ìyẹn. Kòkòrò ajẹwé ni mo ń bá jà. Mo máa ń gún ewé dóńgóyárò, màá rẹ ẹ́ mọ́jú, màá sẹ́ ẹ, màá po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, màá wá fi wọ́n ewé nírọ̀lẹ́. Ó ń dín wọn kù, kì í pa wọ́n tán, òjò sì máa ń fọ̀ ọ́ dànù.

Ìyá onílé wa kò fẹ́ gbọ́ rárá níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ á ba kọnkéré àwọn jẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní oṣù mẹ́ta, bó bá ba nǹkan jẹ́ màá kó o kúrò." Mo gbé àpò lé orí búlọ́ọ̀kù kí omi lè máa ṣàn kọjá lábẹ́ rẹ̀, kọnkéré ò sì bàjẹ́.

Fún ọdún yìí mo ti pààrọ̀ ètò. Àpò mẹ́jọ ni mo ní, èyí tó ń dán ni gbogbo wọn, pẹ̀lú rọ́bà ọ̀dà mẹ́rin tí mo rà lọ́wọ́ àwọn kunlékunlé, fún ata. Rọ́bà náà gbówó lérí ju àpò lọ, ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún kan, kò tíì sán. Ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń tà fún ọ̀gbìn náà dára, àmọ́ iye tí wọ́n pè é fún mi lè ra àpò mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ra mẹ́ta péré, èyí tó ń dán, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ sí méjì, efinrin sí ọ̀kan. Efinrin tèmi ló wà nínú àpò abẹ́ òjìji yẹn, tí mo rà ní ₦350. Ìyá onílé ló ń já a jù báyìí, fún ọbẹ̀ ata.