FreeBSD àbí Linux fún sáfà ilé iṣẹ́ yín: ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó lọ bá ọ̀gá

Bí ilé iṣẹ́ yín bá fẹ́ ra sáfà tuntun (ẹ̀rọ tó ń pèsè fáìlì àti ètò fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù), tí wọ́n wá bi yín pé ètò wo ni kí wọ́n gbé sórí rẹ̀ láti darí rẹ̀, Linux ni gbogbo ẹnu máa dá. Mi ò bá wọn jà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tọ́jú sáfà Linux, òun ló sì bọ́ mi. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, FreeBSD, ètò mìíràn tó ń darí ẹ̀rọ bíi Linux, ló wà lórí sáfà tí iṣẹ́ wa gbára lé jù, èmi ni mo sì dúró lé e títí ọ̀gá fi gbà. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, kóòdù wọn sì wà ní gbangba, nítorí náà mi ò ní sọ ti owó. Mi ò ní sọ ti eré sísá pẹ̀lú. Ní ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ kò ju ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀.

Bí ìmúdójúìwọ̀n bá yíwọ́

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí ibí ló ti jó mi lọ́wọ́.

Ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà ń kó oògùn fún àwọn ilé ìtajà káàkiri. Ìbàdàn ni mò ń gbé, Èkó ni sáfà wà. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan tó bọ́ sí òpin oṣù, mo gbé sáfà náà láti ẹ̀yà àtijọ́ bọ́ sí tuntun. Irú Linux tó jẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi bò. Gbogbo rẹ̀ lọ geere. Mo ní kí ó kú kó tún tàn. Mo fi ping pè é láti Ìbàdàn, kò dáhùn. Ogún ìṣẹ́jú, wákàtí kan, kò dáhùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀ Èkó. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ dá wa dúró lójú ọ̀nà, aago kan ọ̀sán ti kọjá kí n tó so kíbọ́ọ̀dù mọ́ sáfà. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀yà tuntun ló yí orúkọ káàdì nẹ́tíwọ̀kì padà: eth0 ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ti di enp3s0, gbogbo ohun tí mo tò sílẹ̀ sì ń wá eth0 tí kò sí mọ́. Ìlà kan péré ni mo tún kọ. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni àwọn tó ń tajà ti ń fi bírò kọ rìsíìtì, iye oògùn tó wà nínú ìwé àti èyí tó wà ní sítọ́ọ̀ kò sì bára mu títí oṣù kejì fi parí. Oníbàárà kan tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa kò padà wá mọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà dá sáfà yẹn padà sí bó ṣe wà kí n tó fọwọ́ kàn án.

FreeBSD ní ọ̀nà yẹn nínú ara rẹ̀. Bí sáfà bá wà lórí ZFS (ọ̀nà ìtò fáìlì sórí dísìkì), àṣẹ `bectl create` máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ètò tó ń darí ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ̀dà náà kì í sì í gba àyè lórí dísìkì níbẹ̀rẹ̀. Orí ẹ̀dà ni mo ti ń ṣe ìmúdójúìwọ̀n. Tí mo bá parí, `bectl activate -t` ni mo ń tẹ̀: sáfà á fi ẹ̀dà tuntun tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí kò bá dáhùn, mo máa pe ẹni tó wà nídìí rẹ̀ l'Ékòó pé kó pa á kó tún un tàn, èyí àtijọ́ ló sì máa gbé wá. Kò sí pé mò ń wọ ọkọ̀ mọ́.

Kí n má purọ́, ó wà lọ́dọ̀ Linux náà. openSUSE, ẹ̀yà Linux kan, ń fi Btrfs (ọ̀nà ìtò fáìlì mìíràn) àti Snapper (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀dà) ṣe irú rẹ̀, ẹ sì lè gbé ZFS sórí Ubuntu, ẹ̀yà Linux mìíràn. Ṣùgbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ lílo kóòdù, ZFS kò sí nínú kernel (ọkàn ètò) Linux gan-an. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Linux, ẹ ní láti tún un kọ́ nígbàkigbà tí kernel bá yí padà, ohun mìíràn tó lè yíwọ́ lóru nìyẹn.

Ẹ fi èyí kún un: ní FreeBSD, ètò gan-an dá wà, ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín gbé sórí rẹ̀ wà ní `/usr/local`. Bí PostgreSQL (ètò dátábéèsì kan) bá dàrú, ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti wá a.

Àwọn yòókù

Iná mọ̀nàmọ́ná: ZFS kì í kọ nǹkan tuntun lé orí ti àtijọ́, nítorí náà bí iná bá lọ lójijì, kò sí fsck (àyẹ̀wò dísìkì) tí ẹ máa jókòó tì. Ẹ ṣáà ní UPS.

Docker (ohun tó ń di ètò àti gbogbo ohun tó nílò pọ̀ sínú àpò kan): Linux ló ni ín. FreeBSD ní jail, yàrá àdáni tí ètò ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, láti ọdún 2000, ó sì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń kọ ètò fún yín bá ń kó gbogbo iṣẹ́ wọn wá nínú Docker, ẹ má fi agídí ṣe é.

Sọ́fítíwíà tí ẹ fi owó rà: ẹ bi olùtà kí ẹ tó dá owó. Linux nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀.

Ta ló lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín: ní December 2020, Red Hat, ilé iṣẹ́ tó ń darí ẹ̀yà Linux tó ń jẹ́ CentOS, kéde pé CentOS Linux 8, tí àwọn ènìyàn ti gbọ́kàn lé títí di 2029, máa parí ní òpin 2021. Kì í ṣe gbogbo Linux ló rí bẹ́ẹ̀, Debian kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan. FreeBSD náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ó sì ti wà láti 1993.

Bí mo ṣe gbé e lọ bá ọ̀gá

Mi ò jà fún un ní ìpàdé. Ẹ̀rọ àlòkù kan ni mo fi ṣe sáfà ìpamọ́ fún oṣù mẹ́fà, mi ò yọ ẹnì kankan lẹ́nu. Lẹ́yìn náà mo ní kí ọ̀gá wa wá jókòó. Mo pa `/boot/kernel` rẹ́ lójú wọn, mo tún ẹ̀rọ tàn, ó kọ̀. Mo yan ẹ̀dà àná nínú àtòjọ tó jáde lójú rẹ̀, ó tàn. Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọn ò sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè méjì ni wọ́n bi mí. Àkọ́kọ́: ta ló ń lò ó? Mo ní Netflix, orí rẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù wọn dé ilé ń ṣiṣẹ́. Mo ní WhatsApp, tó so ju mílíọ̀nù 2 ènìyàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sórí sáfà kan ṣoṣo ní 2012. Mo tún sọ fún wọn pé lẹ́yìn tí Facebook rà wọ́n, wọ́n kó lọ sórí Linux.

Ìkejì ló le: "Bí ìwọ bá lọ lọ́la ńkọ́?" Òótọ́ ni, ẹni tó mọ Linux pọ̀ nígboro, ti FreeBSD ṣọ̀wọ́n. Mo kọ ojú ewé mọ́kànlá, mo kó o fún àbúrò kan ní ọ́fíìsì wa tí kò fọwọ́ kàn án rí, mo sì jáde nínú yàrá. Láti inú ìwé yẹn àti Handbook (ìwé ìtọ́ni) FreeBSD, ó dá sáfà ìpamọ́ padà tán kó tó di àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí i.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí Docker bá wà nídìí iṣẹ́ yín, tàbí ẹni tó ń tọ́jú sáfà ń yí padà lọ́dọọdún, Linux ni kí ẹ mú, ọkàn yín á balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fáìlì, dátábéèsì, ìpamọ́ tàbí ẹnubodè nẹ́tíwọ̀kì, tí sáfà sì jìnnà sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, mi ò tún ní gbé ohun mìíràn síbẹ̀ yàtọ̀ sí FreeBSD. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e sórí ẹ̀rọ, ó máa bi yín bí ẹ ṣe fẹ́ pín dísìkì. Ẹ yan ZFS níbẹ̀. Bí ẹ bá yan UFS, ọ̀nà ìtò fáìlì kejì, gbogbo ohun tí mo sọ nípa `bectl` kò ní ṣiṣẹ́, ẹ ó sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.