Ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ fún báàgì àti páàdì: èwo ló yẹ ní rírà n'Ílọrin?

Ẹni tó bá ń lu báàgì lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú ra ìbọ̀wọ́. Àtàǹpàkò ni kó fi rà á. Èyí tó ń dán gbinrin lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n kọ "PRO" gàdàgbà sí lẹ́yìn, ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú, torí inú fóòmù rẹ̀ ni wọ́n ti dín owó kù. Ìdájọ́ wa rèé kí a tó tú ọ̀rọ̀ palẹ̀: ìbọ̀wọ́ awọ màlúù gidi oní-áúnsì 14 (áúnsì ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ìbọ̀wọ́), ì báà ṣe òkìrìkà, bí fóòmù rẹ̀ bá ṣì ń dìde padà, ó sàn ju tuntun aláwọ oníke lọ. Ẹni tí owó bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ránṣẹ́ sí òkè òkun. A ó dé ibẹ̀.

Fóòmù ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ìbọ̀wọ́ olówó pọ́ọ́kú máa ń lo fóòmù kan ṣoṣo tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù. Ó máa ń le dáadáa lọ́jọ́ tí ẹ rà á, àmọ́ ojú kan náà ni ẹ̀ṣẹ́ ń bà lójoojúmọ́, ibẹ̀ yóò sì fọ́ sínú láìjẹ́ pé awọ òkè fi nǹkan kan hàn. Èyí tó tọ́jọ́ jù fún báàgì ni fóòmù alápòpọ̀, ìpele méjì sí mẹ́rin: èyí tó rọ̀ sún mọ́ ọwọ́, èyí tó le sì wà níta láti pín agbára ẹ̀ṣẹ́ káàkiri. Fóòmù látẹ́ẹ̀sì náà dára, ó máa ń ta padà kíákíá. Àwọn kan wà tí irun ẹṣin wà nínú wọn. Ìbọ̀wọ́ ìdíje nìyẹn, irun náà máa ń sún kúrò lójú oríkèé ìka, ẹ má fi lu báàgì lójoojúmọ́. Ní ti "gel" tí wọ́n ń kọ sára àwọn olówó pọ́ọ́kú, ẹ kàn gbójú kúrò níbẹ̀.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí oríkèé ìka ìfábẹ̀là àti ti ìka àárín máa ń wà, torí àwọn méjèèjì yìí ló yẹ kó máa kọ́kọ́ ba báàgì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ kà dé mẹ́ta, ẹ tú u sílẹ̀. Fóòmù tó yè yóò kọ́kọ́ kọ̀ fún ọwọ́ yín díẹ̀ kó tó gbà, yóò sì dìde padà wẹ́rẹ́. Èyí tó ti kú yóò wọlé bíi búrẹ́dì tútù, kòtò rẹ̀ yóò sì dúró síbẹ̀ tó ń wò yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ rọra gbá ògiri tàbí káńtà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ẹ bá lè ka oríkèé ìka yín lọ́kọ̀ọ̀kan lára ògiri náà, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀. Ọlọ́jà lè máa wò yín bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Kó máa wò ó.

Ẹ má gbàgbé láti gbé báńdéèjì ọwọ́ yín dání lọ sọ́jà. Ìbọ̀wọ́ tó bá ọwọ́ òfìfo mu rẹ́gí yóò fún ọwọ́ tí wọ́n ti dì pa, ìka yóò sì máa kú láàrin eré. Bí ẹ bá ti di báńdéèjì, orí ìka gbọ́dọ̀ fara kan òkè ìbọ̀wọ́ láìtẹ̀, kó sì rọrùn láti di ẹ̀ṣẹ́ láìfi agbára. Bí ẹ bá ní láti máa fún ẹ̀ṣẹ́ yín pọ̀ kó tó lè pa dé, apá yóò ti rẹ̀ yín kí ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ tó pé.

Àtàǹpàkò ìbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ ní okùn awọ kékeré tó so ó mọ́ ara ìbọ̀wọ́ tó kù. Láìsí i, ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan tó bá kọsẹ̀ lè ká àtàǹpàkò yín sẹ́yìn. Ibi tí okùn yìí àti àtàǹpàkò ti pàdé ni ìbọ̀wọ́ máa ń kọ́kọ́ ya. Ẹ fà á sọ́tọ̀ díẹ̀ kí ẹ wo ojú rírán: bí ihò abẹ́rẹ́ bá ti ń gbòòrò, tí ẹ sì rí fóòmù láàrin, ìbọ̀wọ́ náà kò ní pẹ́ ṣẹ́ sí yín lọ́wọ́.

Ọrùn ọwọ́ ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í wò títí yóò fi máa dùn wọ́n. Ẹnu ìbọ̀wọ́ yẹ kó kọjá egungun ọrùn ọwọ́ lọ sókè, ó kéré tán ìbú ìka mẹ́ta, kó sì le. Ẹ dè é, ẹ gbé ẹ̀ṣẹ́ lé orí káńtà, ẹ fi ara tẹ̀ ẹ́. Bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ sẹ́yìn tàbí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe tẹ̀ lórí báàgì nígbà tí ó bá ti rẹ̀ yín. Èyí tí wọ́n fi okùn dì, bíi ti bàtà, ló ń di ọrùn ọwọ́ mú jù, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ni yóò bá yín so ó. Ẹni tó ń dá ṣe eré, kó ra èyí tó ní velcro, èyí tó máa ń hó ṣàrààrà tí ẹ bá ṣí i, kó sì rí i pé bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ̀, kò sì jẹ́ rọ́bà fífà lásán. Rọ́bà yóò dẹ̀, velcro rẹ̀ yóò sì máa dì mọ́ ibi tí kò yẹ.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ awọ gidi? Kì í ṣe òórùn, torí wọ́n lè fi òórùn sí i. Ẹ wá etí tí wọ́n gé, ó sábà máa ń wà lẹ́yìn bẹ́líìtì tàbí nínú ẹnu ìbọ̀wọ́. Awọ màlúù máa ń rí bùkẹ̀bùkẹ̀ lábẹ́. Awọ oníke máa ń ní aṣọ híhun lábẹ́, ẹ ó rí òwú rẹ̀ tó gba ara kọjá. Òógùn àti ooru ni ọ̀tá awọ oníke. Ní oṣù ẹrẹ́nà sí igbe, nígbà tí oòrùn Ìlọrin bá ń ṣe bí ẹni pé ó bá wa jà, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ẹ ó máa rí awọ dúdú tó bó lára páàdì, ìyẹn ìrọ̀rí ọwọ́ tí kóòṣì máa ń dì mú kí ẹ lè lù ú.

Ní ti ìwọ̀n: áúnsì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 28. Ẹyọ ìbọ̀wọ́ kan oní-áúnsì 12 yẹ kó wọn nǹkan bí gíráàmù 340, ti 14 nǹkan bí 400, ti 16 nǹkan bí 450. Ẹ gbé ẹyọ kan lé òṣùwọ̀n oníbátìrì tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì. Bí wọ́n bá kọ 14 sí i tó sì wọn 340, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ ní áúnsì méjì, inú fóòmù sì ni wọ́n ti mú un. Ẹni tí kò tó kílò 60 lè fi 12 lu báàgì. Láti 60 dé 75, kó mú 14. Ẹni tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, 16. Fún páàdì nìkan, ẹ lè fi áúnsì méjì dín in kí ọwọ́ lè yá, torí fóòmù wà lára páàdì, ẹni tó sì dì í mú ń gbà á padà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé irú ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni ẹ lè rà fún báàgì àti páàdì, ti báàgì ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ ṣọ́ra fún 8 àti 10 olókùn tó máa ń jáde láàrin òkìrìkà. Àwọn afẹ̀ṣẹ́jà tó ń jà fún owó ló ń lo 8, títí dé kílò 66.7, tí àwọn tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ sì ń lo 10. Ìjà alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Bákan náà, ìbọ̀wọ́ tó ti lu báàgì pẹ́ kò yẹ fún ìdánrawò pẹ̀lú ẹnìkejì. Fóòmù rẹ̀ ti le, yóò la ojú èèyàn. Ẹ ra 16 ọ̀tọ̀ fún ìyẹn.

Ó kan orúkọ àwọn tó ń ṣe ìbọ̀wọ́. Everlast, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1910, ni ojú mọ̀ jù n'Ílọrin. Pro Style rẹ̀ jẹ́ awọ àtọwọ́dá, ẹnu rẹ̀ sì rọ̀; ó tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò tó fún ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́. Twins BGVL3 láti Thailand ni a fara mọ́ jù: awọ gidi, fóòmù nípọn dé ẹ̀yìn ọwọ́, inú rẹ̀ sì gba ọwọ́ ńlá pẹ̀lú báńdéèjì. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹnu rẹ̀ kúrú, torí ìjà Muay Thai, níbi tí wọ́n ti ń dì mọ́ra wọn, ni wọ́n ṣe é fún. Fairtex BGV1 náà jẹ́ awọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ há. Ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló bá mu. Hayabusa T3 kì í ṣe awọ màlúù, síbẹ̀ bẹ́líìtì méjì tó ń gba ara wọn kọjá àti ọ̀pá tó wà nínú ẹnu rẹ̀ ló dáàbò bo ọrùn ọwọ́ jù nínú àwọn onívelcro. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́ rí, kó lọ síbẹ̀ tààrà. Cleto Reyes ti Mexico lẹ́wà, awọ rẹ̀ kì í tètè gbó, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn lójú oríkèé. Winning ti Japan ló rọ ọwọ́ lọ́rùn jù, owó rẹ̀ sì le débi pé fífi i lu báàgì dà bí ìfiṣòfò. Ti èyí tí wọ́n kọ Sialkot sí lára, ẹ má fi ojú tín-ín-rín wò ó: ìlú yẹn ní Pakistan ni wọ́n ti ń rán ọ̀pọ̀ ìbọ̀wọ́ ayé. Ohun tí oníbàárà bá sanwó fún ni wọ́n ń rán, ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà míì, báàgì gan-an ló ń pa ìbọ̀wọ́. Èyí tí wọ́n rọ́ yanrìn sí nínú àpò tapólì ni mo ń wí. Yanrìn máa ń sọ̀ kalẹ̀, ìdá mẹ́ta ìsàlẹ̀ báàgì yóò le bíi bíríkì, ẹ̀ṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi gbá ìhà yóò sì dé ibẹ̀. Egungun ẹ̀yìn ìka kékeré ló máa ń ṣẹ́, dókítà tó bá ti rí fọ́tò X-ray rẹ̀ mọ ohun tó fà á. Ẹ tú u, ẹ da yanrìn nù, ẹ gba àjákù aṣọ lọ́wọ́ àwọn télọ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ máa rọ́ ọ wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi igi kì í. Bí ẹ bá fẹ́ kó wúwo sí i, ẹ di lẹ́búlẹ́bú igi sínú náílọ́ọ̀nù, kí ẹ fi sí àárín gbùngbùn, kó má kan ara. Ìdajì ìwọ̀n ara yín ni kí báàgì náà wọn, tàbí kó lé díẹ̀.

Báńdéèjì kírépù ti kẹ́mísìì máa ń dẹ̀ kó sì yọ̀. Télọ̀ lè gé aṣọ òwú gígùn mítà 4.5, ìbú sẹ̀ǹtímítà 5, kó fi ihò àtàǹpàkò sí orí kan, velcro sí ìkejì. Ẹ yí i mọ́ ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mọ́ oríkèé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ gbà á kọjá láàrin ìka, ẹ wá parí rẹ̀ sí ọrùn ọwọ́. Ó tún ń mu òógùn kó má bàa dé inú ìbọ̀wọ́.

Ìtọ́jú kò pọ̀. Ẹ fi aṣọ tó lómi díẹ̀ nu ìta, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú, ẹ rọ́ ìwé ìròyìn sínú rẹ̀ fún wákàtí méjì, ẹ sì ṣí ẹnu rẹ̀ gbayawu síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, lábẹ́ ibòòji. Oòrùn tààrà ń gbẹ awọ, ó sì ń yọ gọ́ọ̀mù. Ìbọ̀wọ́ tó bá sùn mọ́jú nínú náílọ́ọ̀nù tàbí búùtù ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu, pàápàá lásìkò òjò. Bí ọyẹ́ bá dé, awọ gidi yóò fẹ́ sán. Òrí ìwọ̀n èékánná kan tó fún ẹyọ kan, ẹ fi aṣọ ra á sí ìta nìkan, kí ẹ nù ún dànù lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá pọ̀, awọ yóò dẹ̀, eruku yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá kan velcro, velcro yẹn ti parí.

Ojú rírán tó tú kì í ṣe ọ̀ràn ńlá. Ṣúmékà tó mọṣẹ́ lè fi òwú náílọ́ọ̀nù rán àtàǹpàkò padà, télọ̀ náà sì lè pààrọ̀ velcro tí kò lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni la ìbọ̀wọ́ láti kó fóòmù bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀: ẹ̀ṣẹ́ kan ni yóò gbà kó tó pẹlẹbẹ. Ti sílípáàsì náà le jù, kò ní gba agbára kankan. Bí fóòmù bá ti kú, ẹ gé bẹ́líìtì rẹ̀ kúrò kí ẹ tó sọ ọ́ nù, kí ọmọ ẹlòmíì má bàa he é lọ lu báàgì.