Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu Iléṣà fún ìwúkàrà ṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Kò sí ìwúkàrà tó dára tó ti ẹmu ọ̀pẹ tí àwọn adẹ́mu ń gbé wọ Iléṣà láàárọ̀, fún ẹni tó bá fẹ́ pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nílé. Saccharomyces cerevisiae, ìwúkàrà tó ń sọ ṣúgà di ọtí, wà nínú rẹ̀ dáadáa, ẹnikẹ́ni kò sì bù ú sí i.

Ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì ni kí wọ́n ti bù ú fún yín, níbi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun sùn sí. Ṣíbí ìmùkọ 3 ti tó fún ìlàjì lítà omi ọkà bàbà híhù tí ẹ ti sè. Ẹ jẹ́ kí omi ọkà náà tutù pátá kí ẹ tó pò wọ́n pọ̀ sínú ìgò, torí gbígbóná ń pa ìwúkàrà. Ẹ má dé ìgò náà pa, kó má baà bẹ́. Tó bá fi máa di wákàtí 24, ó yẹ kó ti máa hó. Ẹ da omi òkè nù, kí ẹ fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà lóúnjẹ tuntun, ìyẹn omi ọkà bàbà tuntun, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ẹmu tí wọ́n bu omi àti sákárínì sí: ó dùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ ìwúkàrà kì í jẹ sákárínì. Òórùn ọtí kíkan túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́ jù. Tó bá hu irun lórí, ẹ dà á nù, kí ẹ se ìgò. Ẹ lè lo ògùrọ̀ pẹ̀lú dípò ẹmu ọ̀pẹ.