Ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ wò lóko kó tó rà á l'Óṣogbo

Ẹni tó bá ń wá ẹmu ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú àgbà ní Òṣogbo, igi tó ti wá ló sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè: ṣé ti ọ̀pẹ ni àbí ògùrọ̀? Ìbéèrè náà dára, àmọ́ wákàtí tí wọ́n gbé e sọ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Ògùrọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ á dùn ju ẹmu ọ̀pẹ tó ti sùn nínú kẹ́ẹ̀gì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó bu méjèèjì sí kọ́ọ̀bù. Ìdí nìyí tó fi sàn kí ẹ lọ bá adẹ́mu lóko, lọ́nà Ìbòkun, Ìlobùú tàbí Ìkìrun, ju kí ẹ dúró de èyí tó ti wọ̀lú.

Igi méjèèjì

Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ọ̀pẹ máa ń wà. Adẹ́mu á fi igbà gùn ún, á gé akọ òdòdó rẹ̀, á fi oparun tín-ín-rín há a kí omi rẹ̀ lè máa kán sínú akèrègbè. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń rẹ́ ojú ọgbẹ́ náà fẹ́ẹ́rẹ́, torí tó bá gbẹ, kò ní sun mọ́. Ọ̀pẹ ò ní torí ìyẹn kú. Wọ́n lè fi í sílẹ̀ kó sinmi, kí wọ́n tún padà sí i.

Ògùrọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àbàtà àti etí odò ló ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń yọ òdòdó láyé ẹ̀; tó bá ti so tán, ó parí nìyẹn. Ìgbà tó bá fẹ́ yọ ọ́ ni adẹ́mu á gun àkàbà oparun lọ bá ọkàn rẹ̀, á máa dá a fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí igi á fi gbẹ. Gbogbo ohun tí igi ti fi ọdún púpọ̀ kó jọ ló ń tú jáde, ìdí nìyẹn tó fi máa ń sun ju ọ̀pẹ lọ lójúmọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ẹmu rẹpẹtẹ lọ́jọ́ kan náà, ọ̀dọ̀ ológùrọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Ewu kan wà níbẹ̀: igi tó ń sun dáadáa nígbà tí ẹ san àsansílẹ̀ lè ti gbẹ kí ọjọ́ ìnáwó tó pé. Ẹ béèrè iye igi tó ti ṣí, àti iye èyí tí kò tíì fọwọ́ kàn. Olóko tó ní igi méjì péré, ẹ má fi gbogbo owó sọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti adùn, àwọn àgbà ọ̀mu ò tíì fẹnu kò, kò sì dájú pé wọ́n máa fẹnu kò láéláé.

Wákàtí

Omi tó ń kán látara igi ò ní ọtí nínú. Ṣúgà ló wà níbẹ̀, bíi 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́, lára ọ̀bẹ àti nínú akèrègbè ló ń sọ ọ́ di ọtí, kó sì tó pé ọjọ́ kan, ọtí inú rẹ̀ lè tó 4 tàbí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, kíkan ló kù. Ẹmu tó kán mọ́jú ti pa díẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó dùn lẹ ń fẹ́ fún àwọn ìyá ìyàwó, ẹ bẹ adẹ́mu kó fi akèrègbè tó fọ̀ mọ́ pààrọ̀ ti òru ní ìdájí, kó sì gbé e sọ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Akèrègbè tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná wà nínú rẹ̀ ló ń mú kó tètè kan.

Títọ́ ọ wò

Ẹ kí i pé “Igbà á rọ̀ o” kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Ẹ mú kọ́ọ̀bù gíláàsì tiyín lọ, ẹ wọ bàtà rọ́bà tó bá jẹ́ àbàtà. Ẹ ní kó bù ú láti inú akèrègbè kọ̀ọ̀kan kó tó dà wọ́n pọ̀. Oyin àti èèrà tó kú sínú rẹ̀ kì í ṣe àbùkù, asẹ́ á kó wọn. Ẹmu tí wọ́n lú lómi máa ń ṣàn lójú gíláàsì, ìfófó rẹ̀ kì í sì í pẹ́ lọ. Èyí tí wọ́n fi sákárínì sí á dùn wọra lẹ́nu, á wá korò lẹ́yìn ọ̀fun. Tó bá dùn níwájú tó sì kan lẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti da ti àná mọ́ ọn. Tí wọ́n bá fi obì lọ̀ yín, ẹ fi sápò ná: lẹ́yìn obì, omi lásán gan-an máa ń dùn lẹ́nu.

Gbígbé e délé

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ẹ má rọ ju lítà 20 lọ sí i, ẹ má sì dé e pa. Afẹ́fẹ́ tí ìwúkàrà ń tú sílẹ̀ á wú kẹ́ẹ̀gì náà, gbágungbàgun ọ̀nà á sì mú kó bẹ́ lórí ọ̀kadà. Ẹ fi ewé tàbí aṣọ tó mọ́ dí ẹnu rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé epo bẹntiróòlù tàbí oògùn apakòkòrò rí, fífọ̀ ò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Tí àwọn tó máa mu bá tó 100, tí kálukú sì mu lítà kan, kẹ́ẹ̀gì márùn-ún tí ẹ rọ bẹ́ẹ̀ ni. Yìnyín á fa kíkan rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kò lè dá a dúró.

Lóṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun ń kó àlejò wọ̀lú, òjò náà wà lójú ọ̀run. Ẹ wo bóyá wọ́n bo ẹnu akèrègbè, torí òjò náà lè lú ẹmu lómi láìsí ẹ̀bi adẹ́mu.

Ti inú ìgò, irú èyí tí NIFOR, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ọ̀pẹ nílùú Benin, ń ṣe, gbígbóná ni wọ́n fi pa ìwúkàrà inú rẹ̀. Ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ìfófó àti ìtani ti oko. Ẹ rà á fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ kí ẹ tó sanwó.